Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ultrasonic Bá Ń Kùn Tí Kò sì Fọ Nǹkan

Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ultrasonic jẹ́ àwo irin tí a ń bu omi sí, tí a ń ri ohun tó dọ̀tí sínú rẹ̀, tí ìró kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ yóò sì máa gbọn omi náà títí ìdọ̀tí yóò fi ṣí kúrò, títí kan èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Àwọn dókítà eléyín ń fi í fọ irinṣẹ́ wọn kí wọ́n tó kó wọn sínú ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò àrùn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi í yọ èérí ara òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà ń fi í fọ bọ́ọ̀dù fóònù tó bọ́ sómi. Àwọn mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ òde òní sì ń fi í fọ injector, ìyẹn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí epo ń gba ihò tíntìntín ara rẹ̀ fọ́n jáde.

Ní ìlú bí Ìlọ́fà, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tàbí ní Ọ̀sì tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tó múlé tì í, ẹni tí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í rí aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pè, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ni yóò gbé e lọ. Onírédíò náà ní ìmọ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ní ìwà kan tí rédíò kò ní. Bí rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ultrasonic lè tan iná ojú rẹ̀, kí ó mú omi gbóná, kí ó máa kùn bí oyin, kí ó má sì fọ ohunkóhun. Èyí tó kú pátápátá kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti kú. Èyí tó ń kùn lásán ni ó yẹ kí a bẹ̀rù, pàápàá ní ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó kù sínú irinṣẹ́ ti lè bo kòkòrò àrùn mọ́lẹ̀ kí ooru má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti mọ ìdí tí kíkùn kò fi jẹ́ ẹ̀rí, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà. Ìró jẹ́ ìgbọ̀nrìrì tó ń gba inú afẹ́fẹ́, omi tàbí irin kọjá, etí ènìyàn sì ń gbọ́ èyí tó bá ń gbọ̀n láti nǹkan bí ogún ìgbà títí dé 20,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ẹ̀rọ ultrasonic kékeré tó wà lọ́jà ń gbọ̀n ní nǹkan bí 40,000 ìgbà, èyí tó fi ìlọ́po méjì ju ibi tí etí mọ. Ariwo tí a ń gbọ́ lára rẹ̀ jẹ́ ti irin ara ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ti iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ti àwọn ìhó inú omi tó ń fọ́. Ìró tó ń ṣiṣẹ́ gan-an kò dé etí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìhó náà ni wọ́n ń fọ nǹkan. Nígbà tí ìgbọ̀nrìrì bá fa omi, omi a là ní ibi tí kò lóǹkà, ihò tíntìntín a sì ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìgbọ̀nrìrì bá tún ti omi padà, ihò náà a wó lu ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá ní ojú ibi tó kéré gan-an, ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a sì ṣí. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ojú winá ọ̀rọ̀ yìí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n rí i pé abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú kò mú omi dáadáa mọ́ bí ó bá yára jù, tí ojú irin rẹ̀ sì ń jẹ bí ìgbà tí nǹkan ń bù ú jẹ. Ní 1917, onímọ̀ físíìsì kan, Lord Rayleigh, fi ìṣirò hàn bí ihò tó wó nínú omi ṣe lè ní agbára tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ìbàjẹ́ fún abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn sọ di iṣẹ́ ìfọ̀nǹkan lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbàjẹ́ náà kò fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i níwájú.

Ẹ̀yà tó ń gbọn omi ni a ń pè ní transducer. Ní 1880 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta kan bíi quartz, iná mànàmáná a jáde lára wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé òdìkejì rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́: bí a bá fi iná sí òkúta náà, òkúta a súnkì a sì nà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni onímọ̀ físíìsì kan, Paul Langevin, fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ há àárín irin méjì láti rán ìró lọ sábẹ́ òkun kí ó lè wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi rí. Transducer inú ẹ̀rọ ìfọ̀nǹkan òde òní kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Langevin: òrùka amọ̀ sísun méjì, tí a fi òjé, zirconium àti titanium pò, ni a fi bóòtù kan há àárín irin méjì pinpin, tí a sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ odindi rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo láti ìta. Ẹ̀rọ tó gba nǹkan bíi lítà mẹ́ta omi sábà máa ń ní méjì irú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni bọ́ọ̀dù kan wà tó ń gba iná ilé, tó ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní 40,000 ìgbà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí wọn.

Nítorí pé kíkùn kò jẹ́ ẹ̀rí, kí ẹnikẹ́ni tó tú ìdè ẹ̀rọ kan, kí ó kọ́kọ́ bi omi léèrè, fóìlì tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja yíyan sì tó fún ìbéèrè náà. A óò bu omi dé ibi ìlà tó wà nínú àwo, a óò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá láìfi nǹkan kan sí i; lẹ́yìn èyí ni a óò gé fóìlì kan tó fẹ̀ tó gígùn àwo, a óò so ó rọ̀ lóòró sínú omi kí ó má kan ìsàlẹ̀, a óò sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ bá pé, fóìlì náà yóò lu jára, ojú rẹ̀ yóò sì wú wẹ́wẹ́ káàkiri. Bí apá kan bá lu tí apá kejì sì ń dán síbẹ̀, transducer tó wà lábẹ́ apá kejì ni kò ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dán gbirin, kíkùn ẹ̀rọ náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn tó bá ń dán an wò báyìí lóòrèkóòrè, tó ń kọ ọjọ́ sára fóìlì, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, yóò rí àìlera ẹ̀rọ kí ó tó di àìsàn aláìsàn; iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì yẹ kí ó di àṣà ní gbogbo ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ yìí fọ irinṣẹ́ tó ń wọ ara ènìyàn.

Nígbà mìíràn fóìlì kò lu, síbẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ omi wá ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ náà sì ń gba agbára wíwó àwọn ìhó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọn omi lásán, láìfi irinṣẹ́ sí i, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Omi tútù kò ṣiṣẹ́ tó omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìwọ̀n 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sì dára fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àyàfi ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, nítorí pé omi gbígbóná ń dì í mọ́ irin, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi tútù ṣan irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ díẹ̀ máa ń ran omi lọ́wọ́. Irinṣẹ́ tí a kó jọ gègèrè ń di ara wọn lọ́wọ́, èyí tí a sì tò sórí ìsàlẹ̀ àwo láìlo apẹ̀rẹ̀ ń dí ìgbọ̀nrìrì, ó sì ń họ irin náà. Ẹni tó bá ti tún gbogbo èyí ṣe tí fóìlì kò sì lu síbẹ̀ ló lè wá máa ronú àtitú ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ kò bá tan rárá, ibi tí iná ti ń wọlé ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni a ṣe fún iná 120 fóòtì, ti Japan sì jẹ́ 100 fóòtì, nígbà tí iná ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì. Ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ ihò iná láìka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sun ún lójú ẹsẹ̀, transformer tó ń dín iná kù nìkan ló sì lè gbà á là. Lẹ́yìn èyí ni fíúsì. Fíúsì tí wáyà inú rẹ̀ kàn já lásán lè jẹ́ ti iná tó ṣẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n mú iná dé, ṣùgbọ́n èyí tí gíláàsì rẹ̀ dúdú tàbí tó dán bíi dígí ń sọ pé ohun kan ti kan ara wọn nínú bọ́ọ̀dù. Àṣà wíwé wáyà mọ́ fíúsì tó já, tàbí fífi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ti ba ẹ̀rọ jẹ́ ju ohun tí iná fúnra rẹ̀ bà jẹ́ lọ, nítorí pé ó ń sọ àtúnṣe ẹ̀yà méjì di àtúnṣe odindi bọ́ọ̀dù.

Ewu wà nínú bọ́ọ̀dù náà tó ju ti rédíò kékeré lọ. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, kò sí transformer tó ya bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé. Dáyóòdù mẹ́rin ń sọ iná 230 fóòtì di iná ọ̀nà kan tó ga tó nǹkan bí 325 fóòtì, èyí tó dé ẹnu transducer sì lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kápásítọ̀ ńlá tó bá wà níbẹ̀ a máa tọ́jú iná sínú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi rẹsítọ̀ tàbí gílóòbù fà á gbẹ kí ọwọ́ tó kan án. Àní transducer tí kò sí lára iná rárá lè gbá ènìyàn bí a bá gbá a mọ́lẹ̀ tàbí tí ó bá gbóná, nítorí pé ohun tí àwọn Curie rí lára òkúta náà kò fi amọ̀ sísun yìí sílẹ̀. Wáyà ilẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ kẹta ara púlọ́ọ̀gì, ni ààbò ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ àwo omi. Ẹni tó bá gé e kúrò kí púlọ́ọ̀gì lè wọ ihò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu.

Nínú bọ́ọ̀dù, àwọn tí wọ́n sábà máa ń kú ni dáyóòdù mẹ́rin yẹn àti tíránsísítọ̀ ńlá méjì tó ń tan iná tó sì ń pa á ní ìyára. Mítà ni a fi ń dán wọn wò nígbà tí ẹ̀rọ kò sí lára iná: èyí tí mítà bá dún lórí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì ti jóná. Tíránsísítọ̀ méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀, bí ìkan tilẹ̀ dà bí èyí tó dára, a sì gbọ́dọ̀ dán àwọn rẹsítọ̀ kéékèèké tó yí wọn ká wò, nítorí pé bí tíránsísítọ̀ bá ti ń kú ló ń mú wọn dání. Nọ́ḿbà 13007 àti 13009 wọ́pọ̀ lára wọn, àwọn kan náà tó wà nínú àpótí iná kọ̀ǹpútà àtijọ́, onírédíò tó bá sì ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú ìṣọ̀ rẹ̀ lè rí ohun tó ń wá láìdé Ìlọrin.

Kí a tó tan ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, a máa ń fi gílóòbù oníwáyà àtijọ́, 60 tàbí 100 wáàtì, sójú ọ̀nà iná kí iná lè kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn gílóòbù tuntun tí kì í gbóná kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gílóòbù náà bá tàn yòò tí kò rẹlẹ̀, ohun kan ṣì kan ara wọn, tíránsísítọ̀ tuntun náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Bí ó bá tàn tó sì rẹlẹ̀, a lè yọ ọ́ kúrò, kí a sì fi iná gangan sí i. Omi gbọ́dọ̀ wà nínú àwo ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dán an wò, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lórí àwo gbígbẹ ń yí gbogbo agbára rẹ̀ padà sí ooru, transducer tó bá sì gbóná kọjá ààlà lè pàdánù agbára rẹ̀ títí láé.

Lẹ́yìn ti omi, transducer ni ìdí kejì tí ẹ̀rọ fi ń kùn lásán, díẹ̀ sì ni àwọn onírédíò mọ̀ nípa rẹ̀. Wáyà rẹ̀ lè já lójú lẹ́ẹ̀dì nítorí gbígbọ̀n, èyí tó rọrùn láti tún lẹ̀. Amọ̀ rẹ̀ lè sán, èyí tí ojú lè rí bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bí ibi dúdú tí iná ti fò kọjá. Mítà tó lè wọn kápásítọ̀ yóò sọ púpọ̀: transducer tó ń gbọ̀n ní 40,000 ìgbà, tó sì dára, sábà máa ń wọn nǹkan bíi nanofarad mẹ́rin, bí ẹ̀rọ bá sì ní méjì, iye wọn gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, èyí tó bá wọn òfo, tàbí tí iná mítà ń gba inú rẹ̀ kọjá, ti bàjẹ́. Omi tó bá dà sínú ẹ̀rọ máa ń fa irú jíjò iná bẹ́ẹ̀, gbígbẹ dáadáa sì lè wò ó sàn, nítorí náà ó yẹ kí a gbẹ ẹ́ kí a tó dájọ́ ikú fún un.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣí. Transducer a máa gbọ̀n, ìgbọ̀nrìrì kò sì wọnú àwo, bẹ́ẹ̀ ni ariwo rẹ̀ a yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, a dà bí ìgbà tí irin ń ha irin. Títún un lẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú. A óò ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò ní ìhà méjèèjì, a óò fi bébà ìhagi ha ojú irin kí ó lè gbá gọ́ọ̀mù mú, a óò fi acetone nu òróró kúrò, lẹ́yìn náà ni a óò po gọ́ọ̀mù oríṣi méjì bíi Araldite, èyí tó ń pẹ́ kí ó tó le, a óò sì tẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wúwo ni a óò gbé lé e lórí di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù tó ń gan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó fọ́ lábẹ́ ìgbọ̀nrìrì. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bóòtù àárín transducer, torí pé bí wọ́n ṣe fún un ní ilé-iṣẹ́ ló jẹ́ kí ó máa gbọ̀n ní iye tó yẹ. Bí a bá sì fẹ́ ra òmíràn, iye ìgbọ̀nrìrì àti iye nanofarad rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí a yọ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀dù yóò máa ti transducer tí kò fẹ́ lọ, tíránsísítọ̀ yóò sì tún jóná.

Hítà tó ń mú omi gbóná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: èyí tó bá kú, mítà yóò fi hàn pé wáyà inú rẹ̀ ti já, ẹ̀rọ sì lè máa ṣiṣẹ́ láìsí i bí a bá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i.

Àwo irin fúnra rẹ̀ ń gbó, nítorí pé àwọn ìhó tó ń jẹ abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti irin. Ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ a kọ́kọ́ ṣú, a di kúkùjú, a sì ní ihò wẹ́wẹ́. Iyanrìn tó bá kù sínú omi ń mú èyí yára, Jik àti Hypo sì burú jù ú lọ, nítorí pé oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun nínú wọn ń gbẹ́ ihò sínú irin tí a ní kì í dógùn-ún. Bẹntiróòlù àti spirit kò gbọ́dọ̀ wọ àwo yìí láé, bí mẹkáníìkì tilẹ̀ gbà pé wọ́n ń tètè fọ injector, torí pé ìgbọ̀nrìrì ń mú oorú wọn jáde, iná hítà àti ti bọ́ọ̀dù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Àwọn ohun mìíràn wà tí àwo yìí ni yóò pa wọ́n lára: iyùn, péálì àti òkúta tó bá ti ní ìlà sísán nínú kò gbọ́dọ̀ dé inú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà tó bá sì gba ẹ̀gbà ọrùn tí iyùn wà lára rẹ̀ yẹ kí ó fi aṣọ rírọ̀ àti omi lásán nù ún, nítorí pé iyùn ìdílé kò ṣeé rà padà.

Àwo tó bá ti lu kò ṣeé jó, torí pé ìgbọ̀nrìrì yóò tún ojú jíjó náà ṣí, omi tó bá sì ń kán sórí bọ́ọ̀dù iná 325 fóòtì kò yẹ ní ilé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ àti transducer tó ṣì wọn nanofarad mẹ́rin wúlò, bí a bá lè ṣí transducer náà láìjẹ́ kí amọ̀ rẹ̀ sán. Ní ìlú tí kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ yìí, nínú pálí abẹ́ tábìlì onírédíò ni ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lẹ́yìn èyí yóò ti rí wọn.